Ọwọ́ Tí Wọn Kì Í Yẹ̀ Wò Nídìí Iṣẹ́ Ìmọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kàwé ní Calgary níbí, ẹ ti dà mí láàmú tó. Gbogbo Sunday lẹ́yìn ìsìn ni ẹ ń ká mi mọ́ ẹnu ọ̀nà: "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ kọ́ quantum? Wọ́n ní ibẹ̀ layé ń lọ." Ta ló sọ fún yín? Pásítọ̀ ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ career day ní Marlborough, mo ní rárá. Kì í ṣe ìgbéraga. Ọ̀rọ̀ tí mo ní, bí mo bá dìde dúró láti sọ ọ́, mi ò ní lè sọ ọ́ parí. Mo kúkú jókòó, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá máa kà á, kó kà á tán o. Ẹ má ka ìdajì kí ẹ wá máa pè mí ní legend. Èmi kì í ṣe legend ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ṣe láyé mi: mo ń so okùn pọ̀. Wáyà bàbà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, nígbà tí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ṣì ń gba inú wáyà kọjá. Bí mo ṣe dé Calgary, bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́, iye tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Òtútù mú mi, mo fara dà á, ó tán. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ibi iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ni mo ti pàdé Danuta.

Danuta jẹ́ obìnrin ará Poland, kúkúrú, irun rẹ̀ ti funfun látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rín kì í yá a. Òun ni ọ̀gá tó kọ́ mi ní okùn gíláàsì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní fibre. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gba inú rẹ̀ kọjá dípò iná mànàmáná. Kí ẹ tó lè so ó mọ́ nǹkankan, ẹ gbọ́dọ̀ gé e kí ojú rẹ̀ tẹ́jú, kó dán. Ẹ gbọ́ "gé", ẹ rò pé ọ̀bẹ ni. Rárá. Ẹ máa fi ẹnu dáyámọ́ńdì ha á lára fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ wá rọra fà á, á dá fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fagbára ha á, ó bàjẹ́. Bí ẹ bá lọ́ ọ díẹ̀, ó bàjẹ́. Àwọn àgbà máa ń sọ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n. Ẹ má bínú, mo dúpẹ́ pé mi ò sọ ìyẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Oṣù mẹ́fà gbáko ni obìnrin yìí fi mí sídìí gígé. Màá gé e, màá gbé e sábẹ́ microscope, á wò ó, á ní, "Again." Kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Again, again, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èmi tí mo ti jẹ́ ọ̀gá n'Íbàdàn, tí mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin! Bí mo bá délé, ìyàwó mi, Ìyá Dámi, á ní, "Kí lẹ ṣe lónìí?" Màá ní, "Mo fọ́ gíláàsì." Á ní, "Wọ́n wá ń sanwó fún yín?" Ó máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ọjọ́ tí oṣù mẹ́fà pé, Danuta wo ọ̀kan, ó kàn gbé iṣẹ́ mìíràn síwájú mi. Mo jẹun dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tó le jù lọ́wọ́ Danuta ni ọwọ́. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọ yàrá iṣẹ́, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wa á to lọ́wọ̀ọ́wọ́, a ó tẹ́ ọwọ́ síwájú rẹ̀, bí ìgbà tí tíṣà ń yẹ èékánná wò ní pírámárì. Kò gbọdọ̀ sí òrùka. Kò gbọdọ̀ sí lọ́fínńdà. Kò gbọdọ̀ sí cream irú èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ èyí tí dókítà kọ fún yín. Ó máa ń sọ pé ọ̀rá ọwọ́ èèyàn ni ọ̀tá ìmọ́lẹ̀. Ó máa ń gbóòórùn ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́, mi ò purọ́. Ẹni tó bá rú òfin, ilé ló ń lọ lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ó dẹ́kun yíyẹ ọwọ́ tèmi wò. Bó bá kàn mí, á mi orí, á ní, "Go." Àwọn yòókù á ṣì to. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo sọ fún ìyàwó mi, mo sọ fún àwọn ará Ìbàdàn lórí fóònù. Nínú gbogbo èèyàn tó ń bẹ nínú ilé iṣẹ́ náà, dúdú àti funfun, èmi nìkan ni.

Àwọn irinṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, sukúrù mẹ́ta ni mo fi ń rọra sún fibre síbi tí mo fẹ́, màá séèémí, màá máa wo abẹ́rẹ́ lójú mítà títí tí ìmọ́lẹ̀ á fi pọ̀ dé góńgó. Bí mo bá wúkọ́, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ kékeré tó ń yí sukúrù àti kọ̀ǹpútà dé, kámẹ́rà dé, ẹ̀rọ á wá ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, á wá ké píì. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní iṣẹ́ ti rọrùn. Ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ fibre mọ́lẹ̀ máa ń sún bó bá ń gbẹ, ẹ̀rọ ò sì mọ ìyẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi í sí ibi tí kò tọ́ díẹ̀, kó lè sún wá síbi tó tọ́. Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Epo rọ̀bì ló ń bọ́ gbogbo wa nígbà yẹn. Àwọn fibre tí à ń ṣe, inú kànga epo ni wọ́n ń sọ wọ́n kalẹ̀ sí, kí wọ́n lè mọ bí ìsàlẹ̀ ṣe gbóná tó. Nígbà tí owó epo wá já, gbogbo ìlú já tẹ̀ lé e. Ẹ ò sí níbí, ẹ ò lè mọ̀. Láàárín ọ̀sán, ẹ ó rí èèyàn tó wọ kóòtù, tó gbé páálí dání ní station, tí kò wọ train tó dé, tó kàn jókòó. Àwọn engineer wa tí wọ́n ti ra ilé sí Cranston àti McKenzie Towne, ilé ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Sunday kan, pásítọ̀ ní kí àwọn tó ń wáṣẹ́ jáde síwájú fún àdúrà. Àwọn tó kù lórí ìjókòó ò tó nǹkan. Ilé iṣẹ́ tiwa kógbá sílé láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Danuta ti lọ sí lab ìwádìí kékeré kan ṣáájú ìgbà yẹn. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Come. Bring your hands." Bí mo ṣe rí iṣẹ́ nígbà tí àwọn tó ní PhD ń wa taxi nìyẹn.

Ohun tí à ń ṣe níbẹ̀ rèé, bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyàwó mi. Wọ́n á mú átọ́ọ̀mù irin kan ṣoṣo, wọ́n á yọ ẹyọ electron kan kúrò lára rẹ̀, èyí tó kù ni wọ́n ń pè ní ion. Wọ́n á wá fi iná mànàmáná gbé e dúró nínú òfuurufú, kò kan òkè, kò kan ilẹ̀, nínú ìkòkò irin tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ion yẹn ni wọ́n fẹ́ máa fi ṣe ìṣirò tí kọ̀ǹpútà tí ẹ mọ̀ yìí ò lè ṣe, òun ni quantum tí ẹ ń béèrè. Ìmọ́lẹ̀ laser ni wọ́n sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Tẹ́lẹ̀, tábìlì ńlá kan tó kún fún dígí ni wọ́n fi ń darí ìmọ́lẹ̀ náà, bí ọkọ̀ tó ń kó snow bá sì kọjá níta, gbogbo rẹ̀ á yẹ̀. Lab tiwa fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa gba inú chip fúnra rẹ̀, ìyẹn pátákó kékeré tí ion ń dúró lókè rẹ̀, nínú ojú gọ́tà tín-ín-tín tí wọ́n gbẹ́ sínú rẹ̀, kó wá yọ jáde lábẹ́ ion gẹ́lẹ́. Tèmi ni ẹnu ọ̀nà. Èmi ni mò ń lẹ fibre mọ́ etí chip kí ìmọ́lẹ̀ tó rí ibi wọlé.

Níbẹ̀ ni Rẹ́nikẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó kàwé gboyè ní físíìsì nílé, ó tún gba master's níbí. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti mọ òun àti Kúnlé ọkọ rẹ̀. Epo ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Kúnlé. Wọ́n ń gbé basement kan ní Marlborough pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn tó wà ní daycare. Èmi ni mo mú un lọ bá Danuta, mo ní, "Ẹ wo ọmọ yìí." Wọ́n gbà á. Work permit rẹ̀ rọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, ìwé PR, ìyẹn ìwé ìgbélùú, tí wọ́n kọ fún gbogbo ilé rẹ̀ náà rọ̀ mọ́ ọn. Bí iṣẹ́ bá lọ, gbogbo ẹ̀ ló máa lọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Danuta fi í sídìí gígé oṣù mẹ́rin, kò ráhùn. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Mo sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ máa dára ju tèmi lọ lọ́jọ́ kan, mo sì gbà á gbọ́.

Ẹ̀yin náà mọ òtútù Calgary bó ṣe máa ń gbẹ èèyàn lára. Ẹ fi fífọ ọwọ́ lójoojúmọ́ kún un, ẹ fi ọtí tí a fi ń nu nǹkan kún un, kí ẹ wá wọ glove lé e láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ìka mi là bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde nínú glove. Ìyá Dámi ní òrí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti Ṣakí, òrí gidi. Ó bu agolo kékeré kan fún Rẹ́nikẹ́ nítorí ara ọmọ rẹ̀, ó bu òmíràn fún mi, ó ní, "Ẹ fi pa ọwọ́ yẹn kó tó gé kúrò."

Rẹ́nikẹ́ fi tirẹ̀ sínú báàgì. Ìgbà tó bá ṣíwọ́, tó fẹ́ lọ mú ọmọ ní daycare, ló ń fi pa ọwọ́. Èmi ńkọ́? Àárọ̀ ni. Bí mo bá wẹ̀ tán, màá fi pa ọwọ́ dáadáa, màá wọ kóòtù, ó di ibi iṣẹ́. Mo ní Danuta ka cream léèwọ̀, òrí kì í ṣe cream. Ohun tí wọ́n fi ń pa ọmọ tuntun lára, tí àwọn mìíràn fi ń sebẹ̀, kí ló kàn án? Ẹ gbọ́ irú èrò tí àgbàlagbà rò. Kò sì sẹ́ni tó máa gbóòórùn ọwọ́ mi.

Chip kan wà. Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ṣe àwọn chip wa, a sì dúró dè wọ́n fún ohun tó tó ọdún kan. Nínú gbogbo èyí tó dé, ẹyọ kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ ń gba gbogbo ojú gọ́tà rẹ̀ kọjá. Àwọn tó ń fowó ran lab lọ́wọ́ ń bọ̀ láti wá wò ó, gbogbo wa sì mọ̀ pé bí wọn ò bá rí nǹkankan, ó ti parí fún lab náà nìyẹn. Mo lẹ fibre mẹ́jọ mọ́ etí rẹ̀. Ó dára. Iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe láyé mi ni, mo lè búra.

Ọjọ́ tí a fẹ́ gbé e sínú ìkòkò irin, èmi ni mò ń de sukúrù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Rẹ́nikẹ́ wà ní òdìkejì tábìlì, ó ń tọ́jú òrùka bàbà tí a fi ń dí ẹnu ìkòkò. Ẹ̀mú kékeré ọwọ́ mi ti lu glove mi ní ìka àárín, mi ò mọ̀. Lójijì ni chip náà fẹ́ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo nawọ́, mo gbá a mú. Ó dúró. Bí mo ṣe gbé ọwọ́ kúrò, mo rí àmì ìka mi lójú chip, ó ń dán bí epo bẹntiróòlù lójú omi.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ṣòro láti mọ̀: kí n sọ ọ́, kí a gbé e jáde, kí a fọ gbogbo ẹ̀. Fífọ yẹn sì lè tú gọ́ọ̀mù fibre mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Mo wo aago. Mo fi òwú kan ọtí, mo nù ún lẹ́ẹ̀kan, mo nù ún lẹ́ẹ̀kejì. Lójú tèmi, ó ti lọ. Mo pààrọ̀ glove. Mo ní, "Rẹ́nikẹ́, ó ti tán. Wá dé e." Ó wò mí díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí nǹkankan?" Mo ní, "Kí ló máa wà?" Ó dé e, ó fún bóòtù rẹ̀ yí ká, ó fọwọ́ síwèé pé òun ló dé e.

A fi foil wé ìkòkò náà, a yan án bí ẹni yan ẹja fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí gbogbo ọ̀rinrin inú rẹ̀ lè jáde. Nígbà tí a máa wò ó, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò lọ sílẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Wọ́n ní kí a gbìyànjú. Wọ́n tan laser aláwọ̀ aró, ìmọ́lẹ̀ jáde dáadáa. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó dín. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, kò sí mọ́. A ṣí i. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ jáde lójú chip, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀ tó jóná. Ìmọ́lẹ̀ ti dín òrí ọwọ́ mi gbẹ síbẹ̀. Chip ti kú, kò sì sí òmíràn.

Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tó ń wọn òórùn. Ó ní ọ̀rá ni, ọ̀rá tó wá láti ara igi. Danuta pe gbogbo wa jọ. Ó ní, "Who uses cream?" Rẹ́nikẹ́ ṣí báàgì rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé agolo náà sórí tábìlì, ó ní, "I have this. I only use it after work. Never before." Danuta ní, "You closed it. You signed." Rẹ́nikẹ́ yíjú, ó wò mí. Kò wo Danuta, kò wo ilẹ̀, èmi ló wò. Mo yí ojú sí fèrèsé, mo ń wo snow.

Mo ní ọmọ méjì ní yunifásítì. Ilé mi ní McKenzie Towne ṣì wà lọ́rùn mi. Mo ti dàgbà, iṣẹ́ ò sí nígboro. Mo rò gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ lè bá mi rò ó, ẹ máa rí i pé ó mọ́gbọ́n wá. Ohun tó mú kó burú nìyẹn.

Àwọn ọ̀gá lab ní àwọn máa fi ọjọ́ mẹ́ta rò ó. Lọ́jọ́ kejì, Rẹ́nikẹ́ wá bá mi nídìí iṣẹ́. Ojú rẹ̀ ti wú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀." Mo ní, "Màá sọ̀rọ̀." Mo sì lọ lóòótọ́. Mo wọ yàrá Danuta, mo ṣe bí àgbà Yorùbá ṣe máa ń ṣe bí ọmọdé bá ṣẹ̀: mo bẹ̀bẹ̀. Mo ní ọmọ dáadáa ni, mo ní ọmọdé ni, mo ní ojú ló ń rójú ṣàánú, kó forí jì í, kò ní ṣe irú ẹ̀ mọ́. Mo fi English sọ gbogbo ẹ̀. Danuta tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ló ní, "I was not sure. Thank you for being honest about her."

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò tíì dá a lójú tẹ́lẹ̀. Nílé wa, ẹni tó bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ kò sọ pé ọmọ jẹ̀bi, ó kàn ń fi omi tútù pa iná ni. Níwájú òyìnbó, ẹ̀rí ni mo jẹ́. Mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú tó sọ ọ́. Mo ṣì lè sọ pé, "Rárá, èmi ni." Mo ní, "Okay," mo sì jáde. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà. Èmi gan-an ni mo wọ́ ọ.

Wọ́n ní kó máa lọ. Permit bàjẹ́, PR bàjẹ́. Kí snow ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti kó lọ sí Ìbàdàn. Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí airport, ẹ wo àìnítìjú! Kúnlé dọ̀bálẹ̀ fún mi níbẹ̀, ó ní àwọn dúpẹ́ gbogbo ìrànlọ́wọ́ mi. Rẹ́nikẹ́ náà kúnlẹ̀.

Lab náà kò kú. Àwọn olówó fún wa láyè díẹ̀ sí i, chip mìíràn dé, mo lẹ̀ ẹ́. Mi ò fi òrí kan ọwọ́ mi mọ́ láti ìgbà yẹn, kódà nílé. Lọ́jọ́ tí ion kọ́kọ́ dúró, ó yọ lójú kámẹ́rà bí ẹyọ èérún kan, aláwọ̀ aró, kò mì. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Danuta di ọwọ́ mi méjèèjì mú lójú gbogbo wọn, ó ní nínú gbogbo ọwọ́ tí òun ti kọ́, ọwọ́ yìí nìkan ni òun kì í yẹ̀ wò. Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún. Mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣe káàdì fún mi.

Ọdún yìí ni ọmọ mi Dámi bímọ. Ìyàwó mi ń fi òrí pa ọmọ náà lára nínú parlour, ó kàn ń sọ̀rọ̀ lásán, ó ní, "Ohun tó lé Rẹ́nikẹ́ kúrò nílùú yìí rèé, òrí lásánlàsàn." Mo ní, "Kì í ṣe òrí tirẹ̀." Ọ̀rọ̀ ti jáde kí n tó mọ̀. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Ìyá Dámi gbé ọmọ lé Dámi lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá Dámi, èmi ni mo bu agolo yẹn fún ọmọ ọlọ́mọ." Dámi ní, "Daddy, that's so messed up. You have to tell them." Ìyá rẹ̀ ò wo ojú mi. Ó gbé fóònù fún mi, ó ní, "Ẹ pè é. Nísinsìnyí. Lójú mi."

Rẹ́nikẹ́ gbé e. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní sẹ́kọ́ńdírì kan. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ó jẹ́ kí n sọ tán. Ó ní, "Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo rí yín nígbà tí ẹ ń nù ún."

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ẹ̀yin lẹ mú mi débẹ̀. Ṣé kí n na ìka sí yín lójú àwọn òyìnbó? Mo ní ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín, mo ń retí. Ìgbà tí Danuta wá ní ẹ ti wá bá mi bẹ̀bẹ̀, mo mọ̀ pé ó ti parí."

Mo bi í pé kí ni kí n ṣe. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí orúkọ mi wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí lab, mo kọ ọ́ sí Danuta, tí òun náà ti fẹ̀yìn tì. Danuta pè mí lọ́jọ́ kejì. Kò kígbe. Ó ní, "Which finger?" Mo ní ìka àárín, ọwọ́ ọ̀tún. Ó gé fóònù, a ò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà náà. Ṣùgbọ́n ó kọ lẹ́tà sí Rẹ́nikẹ́, ó fọwọ́ sí i, pé kò jẹ̀bi ohunkóhun, pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, pé òun tọrọ àforíjì.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ náà dára. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, kó lọ kọ́ ọ. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: ọjọ́ tí wọ́n bá ní àwọn ò yẹ ọwọ́ yín wò mọ́, ẹ tẹ́ ẹ fún wọn, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá sì ba nǹkan jẹ́, ẹ sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú yẹn, kó tó di ẹrù ẹlòmíràn. Mi ò ní ìmọ̀ràn mìíràn.

Lánàá ni Rẹ́nikẹ́ pè. Ó ní lẹ́tà náà ti dé, òun ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Inú mi ti fẹ́ máa dùn. Ó ní, "Ẹ mọ bàbá mi. Ilé ìwé tí wọ́n ti ṣe ọ̀gá, ìmọ́tótó ni wọ́n fi ń jẹ́ orúkọ níbẹ̀. Gbogbo àdúgbò ni wọ́n ti sọ fún pé ọmọ àwọn ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Canada. Nígbà tí a padà dé, tí mo ní wọ́n lé mi nítorí ọwọ́ mi dọ̀tí, wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn ní, 'Rẹ́nikẹ́, ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn?' Wọn ò dárúkọ iṣẹ́ mi lẹ́nu mọ́ títí wọ́n fi kú. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá la sin wọ́n."

Mo ní, "Ah, Rẹ́nikẹ́."

Ó ní, "Lẹ́tà yìí dára, ẹ̀gbọ́n. Ta ni kí n kà á fún?"

Ó ní ó dàbọ̀, ó sì gé fóònù.